Oúnjẹ Ìyá Àgbà Tí Mo Dà Nù

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń da oúnjẹ Ìyá àgbà nù. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí n má baà wá ọ̀nà àtibò ó mọ́lẹ̀ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Sarnai lorúkọ mi. Mongolia ni wọ́n ti bí mi, ní ìlú kan tí ẹran àgùntàn ti pọ̀ ju ewébẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo dé Gunsan, ìlú etíkun kan ní Korea, láti kọ́ iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń gbé ibẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lórí òrùlé ilé Ìyá àgbà Pyo ni mo gbà nígbà náà. Ìta ni wọ́n ń gbà gun ibẹ̀, orí àtẹ̀gùn irin onípele méjìdínlógún tó máa ń ké tí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Ìyá àgbà ń dá gbé ní ìsàlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Myeong-ok, sì wà ní Daejeon pẹ̀lú ọkọ àtàwọn ọmọ tirẹ̀.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, màá gbọ́ tí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà ni. Wọ́n á ti to ike onídèérí mẹ́ta tàbí mẹ́rin léra, wọ́n á fi àgbọ̀n ti èyí tó wà lókè pátápátá kó má baà yẹ̀.

"Sana." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, orúkọ mi ò gún lẹ́nu wọn. "O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá àgbà."

"Irọ́ ni. Egungun ọrùn ẹ ti ń yọ síta. Gbà. Kimchi nìyí, ẹja yọ́yọ́ díndín nìyí. Ewé yìí, orí ìrẹsì gbígbóná ni kó o tẹ́ ẹ sí."

Tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, màá ṣí ike kimchi, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí wọ́n fi sílẹ̀ kó kan. Òórùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ohun tó kú sínú òkun tí wọ́n wá fi ata sin. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo bu ṣíbí kan sẹ́nu, ọ̀fun mi dá a padà. Nígbà tí Ìyá àgbà bi mí bóyá ó dùn, mo ní ó dùn gan-an. Irọ́ kì í dá gbé, ó máa ń wá ẹnìkejì fún ara rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Ẹtì, mo ń da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo ń rìn kọjá àdúgbò méjì lọ jù ú sínú ìdọ̀tí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ gbogbogbòò, kí ẹnikẹ́ni ní òpópónà wa má baà rí mi. Lẹ́yìn náà màá fọ àwọn ike náà mọ́ tónítóní, màá gbé wọn lọ sí ìsàlẹ̀.

Àwọn ike mímọ́ yẹn ló tan Ìyá àgbà jẹ. Wọ́n á gbé ọ̀kan sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Kò tilẹ̀ ṣẹ́ ewé kan kù. Mo mọ̀ pé ẹnu ẹ máa ṣí."

Ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, ike á lé ọ̀kan. Ẹyin, búrẹ́dì àti núdù inú ọ̀rá tí n kì í ṣí ata rẹ̀ ni mo ń jẹ. Kì í ṣe pé n kò ní ẹ̀rí ọkàn. Ní àwọn àárọ̀ Ẹtì kan, màá rí bí wọ́n ṣe to ewé léra lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ike bí aṣọ tí wọ́n lọ̀, ata díẹ̀ láàárín èyí àti èkejì. Mo mọ̀ pé arúgbó tí orúnkún ń dùn ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ to ó. Màá ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ màá sọ fún wọn. Màá sì so ẹnu ọ̀rá.

Òjò ńlá ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹfà. Mo ń bọ̀ láti ibùdó ọkọ̀ ní ọ̀sán Sátidé kan, mo rin gbindin, bí mo ṣe fẹ́ yọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná Ìyá àgbà ni ohùn wọn dé.

"Sana, wọlé."

Ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, fúláwà dé wọn ní ìgbọ̀nwọ́.

"Òjò ti dé. Kí la tún fẹ́ jẹ bí kì í bá ṣe kalguksu?"

"Ìyá àgbà, mo ti..."

"O ti jẹun. Mo ti gbọ́. Jókòó."

Wọ́n fi igi yí ìyẹ̀fun pípò náà títí ó fi tẹ́ bí aṣọ, wọ́n ká a, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gé e. Okùn núdù náà kò dọ́gba, òmíràn sanra, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣáwùrú òkun ń hó nínú ìkòkò, omi rẹ̀ funfun díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Wọ́n da núdù sí i, wọ́n gé ewé àlùbọ́sà lé e, wọ́n sì gbé abọ́ kan ka iwájú mi.

Ète mi ni pé kí n gbé ẹnu mẹ́ta mì, kí n ní inú ń run mí. Ìyá mi nílé náà a máa fi ọ̀bẹ gé núdù sínú omi ẹran àgùntàn, àmọ́ n kò rántí ìyẹn títí tí okùn àkọ́kọ́ fi dé ahọ́n mi. Ó rọ̀, ó sì ṣeé jẹ lẹ́nu, kò jọ ti inú ọ̀rá rárá. Mo gbé abọ́ sẹ́nu mu omi rẹ̀. Kò rùn. Dídùn òkun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo dorí kodò kí Ìyá àgbà má baà rí ojú mi.

Wọ́n fi ọwọ́ ya kimchi, wọ́n gbé e lé núdù tó wà lórí ṣíbí mi. Ènìyàn kì í kọ ohun tí àgbà bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé síni lórí ṣíbí. Mo pa ojú dé, mo jẹ ẹ́. Ó kan, ó ta, ó sì gba ẹnu mi lọ́wọ́ omi ọbẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé omi ọbẹ̀ tún wù mí mu. Èmi fúnra mi ni mo nawọ́ mú ìkejì.

"Ìyá àgbà, kimchi wo lèyí?"

"Èwo lèwo? Èyí tí mo gbé wá fún ẹ ní Ọjọ́bọ̀ ni. Inú ìkòkò kan náà."

Igi ìjẹun dúró lọ́wọ́ mi. Àná ni mo dà á nù. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo tọrọ abọ́ kejì, kí ẹnu mi lè rí nǹkan ṣe yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ìyá àgbà rò pé ayọ̀ ni.

"Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ eyín," wọ́n ní, "ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fi eyín ṣe."

Láti ọjọ́ yẹn mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìdáná wọn ní Sátidé. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń po ìyẹ̀fun títí yóò fi rọ̀ bí etí ènìyàn. Nígbà ooru wọ́n kọ́ mi ní núdù tútù inú omi ẹ̀wà sóyà. Mo ní mo gbọ́ pé iyọ̀ ni wọ́n ń fi sí i. "Àwọn ará Seoul nìyẹn," wọ́n ní. "Níbí, ṣúgà ni. Tó o bá fẹ́ iyọ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin." Inú mi máa ń dùn níbẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n sè sí i ni ohun tí mo ti ṣe ń wúwo sí i. Mo ti wá mọ iye wákàtí tó wà nínú ike kan.

Ní oṣù kẹwàá, àbúrò Ìyá àgbà tó ní ọkọ̀ ojú omi gbé akàn wá fún wọn. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi sóyà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n wá gbé márùn-ún gun òkè wá fún mi, àwọn tó léyin nínú.

"Myeong-ok gan-an ò rí i jẹ lọ́dún yìí. Ìwọ ni mo fún."

Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo ṣí ike, mo rí ẹran rẹ̀ tó ń mì tìtì bí ẹyin tí kò jiná, ẹsẹ̀ wọn bí ohun tó fẹ́ rìn. Gbogbo oúnjẹ tí mo ti kọ́ kò tíì gbé mi débẹ̀. Mo lẹ́nu tí mo lè fi sọ pé, "Ìyá àgbà, èyí ò lè gba ọ̀fun mi kọjá." N kò sọ ọ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì mi. Ní àárọ̀ Ajé, mo ti pẹ́ fún kíláàsì, n kò ráyè rìn dé ilé ìwẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí iwájú ṣọ́ọ̀bù onírun tó dojú kọ ilé wa.

Ìyá Gi-tae ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọ̀rẹ́ Ìyá àgbà tímọ́tímọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí bí mo ṣe ń kọjá, pé kí n wá gé irun iwájú mi. Mo jókòó. Wọ́n so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, ìgbà tí n kò lè dìde mọ́ ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Mo rí akàn márùn-ún nínú ìdọ̀tí mi lánàá. Odindi. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹsẹ̀ kan lára wọn."

Mo gbójú kúrò nínú dígí.

"Ìyá Myeong-ok nìkan ló ń gé ápù sínú omi akàn ládùúgbò yìí. Mo mọ ọwọ́ ẹ̀. Ṣé àkọ́kọ́ nìyí?"

"Rárá, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kìíní títí dé ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n mo ti ń jẹ ẹ́ báyìí, mà. Akàn yìí nìkan ni."

Ìyá Gi-tae tún gé irun díẹ̀. Sísáàsì wọn tutù níwájú orí mi.

"Sọ fún un fúnra ẹ. Témi bá sọ ọ́, òfófó ni. Tíwọ bá sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni."

"Màá sọ fún wọn lọ́la."

"Ọ̀la," wọ́n ní, wọ́n gbọn irun kúrò lára aṣọ. "Ọ̀la ò lópin, ọmọ yìí."

Ọ̀la kọjá, ọ̀sẹ̀ kọjá. Oṣù kọkànlá dé. Ikọ́ mú mi. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyá àgbà gbọ́ bí mo ṣe ń húkọ́ láti òkè. Wọ́n dìde, wọ́n po ìyẹ̀fun, wọ́n se kalguksu, wọ́n sì gbé ìkòkò gbígbóná náà, ó di orí àtẹ̀gùn. Yìnyín tẹ́ẹ́rẹ́ ti bo irin. Mo gbọ́ tí àtẹ̀gùn ń ké. Mo gbọ́ tí igbe náà dúró. Lẹ́yìn náà ni ìró ìkòkò.

Mo sáré jáde. Ìyá àgbà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Núdù wà káàkiri orí irin láti agbedeméjì títí délẹ̀, ó ń yọ èéfín.

"Rọra," wọ́n ní. "Má tẹ núdù yẹn. Á yọ̀ ẹ́ ṣubú."

Ìyá Gi-tae ló pe ọkọ̀ aláìsàn. Egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Kí n tó lọ sí ọsibítù, mo fi omi gbígbóná fọ àtẹ̀gùn náà. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń sọ fún ara mi pé oúnjẹ ló gbé wọn gun ibẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ wọn pé ó tọ́ kí wọ́n máa gùn ún.

Ọ̀sán ni Myeong-ok dé láti Daejeon. Wọ́n tó ẹni àádọ́ta ọdún. Wọ́n rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìwọ ni Sana. Màmá ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Jẹ́ n sọ fún ẹ. Èmi ni mo ní kí Màmá má fi kimchi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Àwọn ọmọ ò jẹ ẹ́, fíríìjì mi kún. Oṣù kan ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó o dé ni ohùn wọn tó yí padà. Wọ́n á pè mí, wọ́n á ní Sana jẹ ẹ́ tán, Sana fọ ike mọ́. Ọkàn mi wá balẹ̀." Wọ́n nu imú. "Ọlọ́run ló rán ẹ sí wa."

Ìyá Gi-tae wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, Myeong-ok ní Màmá kọ̀ láti jẹ oúnjẹ ọsibítù. Mo lọ sí ilé ìdáná Ìyá àgbà, mo se kalguksu, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá a sè. Mo dà á sínú fúláàsì, mo wọ ọkọ̀. Kí n tó débẹ̀, núdù ti mu gbogbo omi, ó ti wú.

Ìyá àgbà nìkan ló wà ní yàrá. Wọ́n wo inú abọ́.

"Núdù ni, àbí ìka ọmọ ọwọ́?"

"Ọ̀nà jìn, Ìyá àgbà."

Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo rí i pé tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, tí wọ́n bá yìn mí, n kò ní lè sọ ọ́ láéláé.

"Ìyá àgbà, mo máa ń da oúnjẹ yín nù."

Wọn ò dẹ́kun jíjẹ. "Èwo?"

"Èyí tí ẹ ń gbé wá ní Ọjọ́bọ̀. Láti oṣù kìíní títí dé ìgbà òjò."

"Ẹja yọ́yọ́?"

"Mo dà á nù."

"Ewé tí mo tò?"

"Mo dà á nù."

"Ti ọdún tuntun, tí mo fi ẹran màlúù sí ńkọ́?"

"Ẹran inú rẹ̀ ni mo ṣà jẹ."

Ohun kan tó jọ ẹ̀rín kọjá lẹ́nu wọn, ó sì lọ.

"Akàn?"

Mo mú ìdérí fúláàsì, mo ń yí i.

"Sana. Akàn?"

"Inú ìdọ̀tí Ìyá Gi-tae ni mo jù ú sí."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àwọn ike yẹn mọ́," wọ́n ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Mo máa ń gbé wọn lọ fi han Ìyá Gi-tae. Màá ní kó wò ó." Wọ́n yíjú sí ògiri. "Gbé núdù ẹ lọ sílé."

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì tún ní wọ́n ń sùn, àmọ́ mo rí ojú wọn láti ẹnu ọ̀nà, ó là sílẹ̀ kedere. Mo lọ fún ọjọ́ márùn-ún, mo ń padà. N kò rí oúnjẹ jẹ. Kì í ṣe ìjìyà tí mo fi jẹ ara mi. Oúnjẹ kankan ò kàn wù mí ni, Ọlọ́run sì mọ̀ pé fíríìjì mi kún fún oúnjẹ wọn.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo ń gbẹ́ eyín àtọwọ́dá kan ní kíláàsì, fóònù dún.

"Kábéèjì ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Ìyá àgbà ní, láìkí mi. "Ọgọ́ta. Mi ò lè ní kí àgbẹ̀ lọ tún un gbìn padà. Ta ló máa fi iyọ̀ sí i?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà."

"Ìwọ ni. Tó o bá sì fẹ́ dà á nù, ọgọ́ta ni wàá rù o."

Myeong-ok wá, Ìyá Gi-tae ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọsibítù yọ̀ǹda Ìyá àgbà fún ọjọ́ kan, a gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé wọn títí dé ọrùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàṣẹ. "Ìyá Gi-tae, ṣé kábéèjì lò ń fi ata ra àbí irun lò ń fọ̀?" "Myeong-ok, ata yẹn kì í ṣe ìpara ojú, bu ú dáadáa."

Nígbà tí Myeong-ok lọ pọn omi wá, Ìyá àgbà fi ojú pè mí. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́.

"Myeong-ok ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ìyá àgbà..."

"Ó gbà pé bí òun ò ṣe jẹ ẹ́, ẹlòmíì jẹ ẹ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó sùn. Má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Kì í ṣe tìtorí kábéèjì ni mo fi ń bínú. Mo fi ẹnu ẹ rọ́pò ẹnu ọmọ mi láìbéèrè lọ́wọ́ ẹ. Ìyẹn, ẹ̀bi tèmi ni. Àmọ́ o jẹ́ kí n máa fi ike òfìfo yangàn káàkiri àdúgbò." Wọ́n fa ewé kábéèjì kan láti inú agbada, wọ́n fi ata yí i, wọ́n tì í bọ̀ mí lẹ́nu. "Tí nǹkan ò bá dùn, sọ pé kò dùn. Àgbà kì í tìtorí ìyẹn kú. Báwo ló ṣe rí?"

Mo jẹ ẹ́. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù, Ìyá àgbà."

"Ìwọ lo fi iyọ̀ sí i."

Ìyá Gi-tae rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò wá.

Ìyá àgbà ò gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé wọn. Nígbà tí òtútù lọ, Myeong-ok mú wọn lọ sí Daejeon. Mo ń lọ kí wọn lóṣooṣù, mo ń se núdù fún wọn, wọ́n sì ń bú u. Ọdún kẹta ni wọ́n kú. Dókítà ní ọjọ́ orí ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ mo mọ ikọ́ ẹni tí wọ́n gbọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ òjò kan, Myeong-ok pè mí. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ti dàgbà délé, ó ní kalguksu bí ti Ìyá àgbà ni òun fẹ́.

"Sana, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Màmá ò kọ́ mi rí. Àbí kí n sọ pé mi ò jókòó kí wọ́n kọ́ mi."

Mo kọ́ wọn lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n rẹ ìṣáwùrú sínú omi iyọ̀ títí yóò fi pọ yanrìn inú ẹ̀ jáde. Mo ní kí wọ́n má gé núdù náà dọ́gba.

"Ó mà dára o," wọ́n ní, "pé ẹnì kan wà tó jẹ oúnjẹ Màmá dáadáa nígbà tí èmi ò jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Mo rántí ohun tí Ìyá àgbà ní kí n má gbà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa, Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "kí ẹ tó da núdù sí i."

Wọ́n tún pè lẹ́yìn wákàtí méjì. Núdù náà lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ní, ó jọ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó tún ṣan abọ́ mu. Inú wọn dùn. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìlè dìde lọ se oúnjẹ tèmi.